Ta Ló Ṣí Ọ̀nà fún Àrùn Tuntun?

Ará Ìbàdàn tó bá wọ mọ́tò láti Mọ́kọ́lá lọ sí Dùgbẹ̀ lè má mọ̀ pé orúkọ àdúgbò méjèèjì wà nínú ìwé àwọn onímọ̀ àrùn káàkiri àgbáyé. Ní 1964, àwọn olùwádìí ní Ìbàdàn rí fáírọ́ọ̀sì kan nínú eégbọn tí wọ́n já lára màlúù, wọ́n sọ ọ́ ní Dùgbẹ̀. Ní 1968, wọ́n tún rí òmíràn lára asín. Ìbátan àrùn dìgbòlugi ni, Mọ́kọ́lá ni wọ́n sì sọ ọ́. Ṣáájú ìgbà náà, ní 1956, wọ́n ti rí ìbátan dìgbòlugi mìíràn lára àdán ní Èkó, orúkọ Èkó ló sì ń jẹ́ títí di òní. Dùgbẹ̀ a máa dá ibà sí ènìyàn lára lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, ibà náà á sì lọ. Mọ́kọ́lá burú ju bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí ọpọlọ ló ń bá jà, ṣùgbọ́n iye ènìyàn tí a mọ̀ pé ó kọ lù láti ìgbà náà kò pé ìka ọwọ́ kan.

Kí ló wá dé tí fáírọ́ọ̀sì tó ń gbé àárín ìlú ńlá bí Ìbàdàn kò di àjàkálẹ̀, tí HIV tó ti inú igbó Kamẹrúùnù jáde sì ti pa ènìyàn tó lé ní ogójì mílíọ̀nù?

Lójú tèmi, ìbéèrè méjì ni a ń dà pọ̀ mọ́ ara wọn nígbàkígbà tí a bá ń sọ̀rọ̀ àrùn tuntun. Èkíní ni bí kòkòrò àrùn ṣe bọ́ láti ara ẹranko sí ara ènìyàn. Èkejì ni bí ó ṣe ti ara ẹnì kan dé ara ẹgbẹẹgbẹ̀rún. Ìpàdé ni ti àkọ́kọ́, ìtànkálẹ̀ ni ti èkejì. Bí àrùn bá ti bẹ́ sílẹ̀, orí ìpàdé la máa ń da gbogbo ẹ̀bi lé: a ó bú ọdẹ, a ó bú ẹni tó jẹ ẹran ìgbẹ́, a ó bú ọjà tí wọ́n ti ń ta ẹran láàyè. Bí a bá fara balẹ̀ tú ìtàn àwọn àrùn wọ̀nyí wò, a ó rí i pé ìpàdé ń ṣẹlẹ̀ lójoojúmọ́, ọ̀pọ̀ rẹ̀ ló sì ń kú síbi tó ti ṣẹ̀. Ìtànkálẹ̀ ló ń pa ọ̀pọ̀ ènìyàn, ọwọ́ wa ló sì ti ń wá: ilé ìwòsàn tí abẹ́rẹ́ rẹ̀ kò tó, ojú irin, bàálù, ìlú tí kò lómi ẹ̀rọ, àjẹsára tí a dáwọ́ rẹ̀ dúró.

Àrùn tí à ń wí yìí kì í ṣe èyí tí ojú kò rí rí nìkan. Ó kan èyí tó ti wà tipẹ́ tó wá dé ibi tí kò dé rí, èyí tó ti lọ tó tún padà, àti èyí tí oògùn rẹ̀ kò ràn án mọ́. Ní 2008, Kate Jones àti àwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ tẹ ìwádìí kan jáde nínú ìwé ìròyìn Nature. Ìgbà 335 ni wọ́n kà tí irú àrùn bẹ́ẹ̀ yọjú láàárín 1940 sí 2004. Ìdá 60 nínú 100 ló ti ara ẹranko wá, nǹkan bí ìdá 72 nínú 100 lára ìwọ̀nyí ló sì ti ara ẹranko ìgbẹ́ wá, kì í ṣe ẹran ọ̀sìn.

Ìpàdé kò ṣòro láti ṣàlàyé. Ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Màléṣíà ní 1998. Àwọn àgbẹ̀ ń sin ẹlẹ́dẹ̀ ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún lójú kan, wọ́n sì gbin máńgòrò sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọgbà ẹlẹ́dẹ̀ kí owó lè máa wọlé lọ́nà méjì. Àdán ń wá jẹ máńgòrò lóru, àjẹkù rẹ̀ ń bọ́ sínú ọgbà, ẹlẹ́dẹ̀ ń jẹ ẹ́. Báyìí ni fáírọ́ọ̀sì tí wọ́n ń pè ní Nipah ṣe ti ara àdán bọ́ sí ara ẹlẹ́dẹ̀, tó sì ti ara ẹlẹ́dẹ̀ bọ́ sí ara àwọn tó ń tọ́jú wọn. Kó tó rọlẹ̀ ní 1999, ènìyàn 105 ti kú ní orílẹ̀-èdè náà, wọ́n sì ti pa ẹlẹ́dẹ̀ tó lé ní mílíọ̀nù kan. Kò sí ọdẹ nínú ìtàn yìí, kò sì sí ẹran ìgbẹ́.

Ní Bangladesh, ọ̀nà mìíràn ni Nipah gbà. Àwọn ará ibẹ̀ ń dá igi ọ̀pẹ tó ń so èso déètì, wọn a gbé ìkòkò kọ́ ọ lálẹ́, wọn a sì mu omi rẹ̀ ní tútù láàárọ̀. Àdán ń wá lá a lóru, ó ń tọ̀ sí i. Ẹni tó bá ti rí bí wọ́n ṣe ń dá ẹmu nílẹ̀ wa yóò lóye rẹ̀ kíá. Ohun tó wù mí jù níbẹ̀ ni àtúnṣe tí wọ́n ṣe: wọ́n fi ọparun hun ìbòrí tó bo ojú ibi tí wọ́n dá àti ẹnu ìkòkò, àdán kò sì ráàyè débẹ̀ mọ́. Owó táṣẹ́rẹ́ ni iṣẹ́ náà gbà. Ẹnì kankan kò ní kí wọ́n má mu omi ọ̀pẹ baba wọn mọ́.

Tiwa ni ti ibà Lásà, tí àwọn kan ń pè ní ibà ọ̀rẹ̀rẹ̀. Eku kékeré kan tó ń gbé oko tó tún ń gbé ilé ló ni ín. Kì í ṣe eku náà ní nǹkan kan, ṣùgbọ́n fáírọ́ọ̀sì ń bá ìtọ̀ rẹ̀ jáde. Nígbà ẹ̀rùn, oúnjẹ oko ti tán, wọ́n ń sun igbó, eku á sá wọlé. Ìgbà náà gan-an la sì ń sá èlùbọ́ àti làfún sí ẹ̀bá títì. Ìdí nìyí tí ìbẹ̀rẹ̀ ọdún fi máa ń le koko ní Ọ̀wọ̀ àti agbègbè rẹ̀ ní Ìpínlẹ̀ Òndó, ní Ìpínlẹ̀ Ẹdó, ní Bauchi, Taraba àti Ebonyi. Síbẹ̀, nǹkan bí ẹni mẹ́jọ nínú mẹ́wàá tí ibà Lásà wọ̀ lára ni yóò rò pé ibà lásán ni, tàbí kí ó má tilẹ̀ mọ̀ rárá.

Ọ̀rọ̀ àdán ń kọ mí lóminú nítorí pé àwọn kan ti ń sọ pé kí a gé gbogbo igi tí wọ́n ń sùn sí, kí a sì pa wọ́n tán. Wọ́n dán an wò ní ihò ìwakùsà Kitaka ní Uganda nítorí fáírọ́ọ̀sì àrùn Marburg tó wà lára àwọn àdán ibẹ̀. Nígbà tí àdán mìíràn padà wá gbé inú ihò náà, iye tí fáírọ́ọ̀sì wà lára wọn pọ̀ ju ti àkọ́kọ́ lọ. Àdán tó pọ̀ jù nílẹ̀ wa sì wà lára àwọn tó ń fọ́n kóró ìrókò káàkiri igbó. Ohun tó tọ́ ni èyí tí àwọn olùwádìí ṣe ní Ìdànrè, níbi tí àwọn ará ìlú ti ń wọ ihò àpáta lọ mú àdán nígbà ọdún: àwọn olùwádìí gba ẹ̀jẹ̀ àdán, wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ ènìyàn, wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò.

Ìtànkálẹ̀ ló yẹ kó gba ọkàn wa jù. Ní 1976, àrùn kan tí ẹnikẹ́ni kò mọ orúkọ rẹ̀ bẹ́ sílẹ̀ ní Yambuku, ní orílẹ̀-èdè tó ń jẹ́ Zaire nígbà náà. Ilé ìwòsàn àwọn sísítà ìjọ Kátólíìkì kan wà níbẹ̀ tí gbogbo agbègbè gbẹ́kẹ̀ lé. Abẹ́rẹ́ márùn-ún ni wọ́n ń kó sílẹ̀ láàárọ̀, òun ni wọ́n ń lò fún gbogbo aláìsàn àti aboyún tó bá wá lọ́jọ́ náà, omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ ni wọ́n sì fi ń ṣàn án láàárín ẹnì kan sí èkejì. Àwọn sísítà náà kò ṣe é nítorí ìwà ìkà, ohun tí wọ́n ní ni wọ́n ń lò. Ènìyàn 318 ni àrùn náà mú, 280 nínú wọn kú. Nígbà tí ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ ti kú, tí wọ́n sì ti ìlẹ̀kùn ilé ìwòsàn náà, àjàkálẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í rọlẹ̀. Orúkọ odò kan tí kò jìnnà púpọ̀ síbẹ̀ ni wọ́n fi sọ àrùn náà: Ebola. Ohun yòówù kó gbé e wá láti inú igbó, abẹ́rẹ́ márùn-ún yẹn ló sọ ọ́ di àjàkálẹ̀.

Ibà Lásà pàápàá, inú ilé ìwòsàn la ti kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n. Ní 1969, nọ́ọ̀sì òyìnbó kan tó ń ṣiṣẹ́ ìhìnrere ní ìlú Lásà, ní Borno, ṣàìsàn, wọ́n gbé e lọ sí Jos, ó kú. Nọ́ọ̀sì tó tọ́jú rẹ̀ kó o, òun náà kú. Ẹ̀kẹta kó o, wọ́n fi bàálù gbé e lọ sí Amẹ́ríkà, orí kó o yọ. Jordi Casals, onímọ̀ tó ń yẹ ẹ̀jẹ̀ wọn wò ní Yunifásítì Yale, náà kó o, ohun tí wọ́n fà nínú ẹ̀jẹ̀ nọ́ọ̀sì kẹta yìí ni wọ́n sì fi tọ́jú rẹ̀ tó fi yè. Eku kò sí nínú èyíkéyìí lára ìgbésẹ̀ wọ̀nyí lẹ́yìn ti àkọ́kọ́.

Ìtàn HIV gùn ju gbogbo wọn lọ. Àwọn onímọ̀ ti tọpa àbùdá rẹ̀ dé ọ̀dọ̀ àwọn ìnàkí gúúsù ìlà-oòrùn Kamẹrúùnù, ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún tó kọjá. Ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ pé ọdẹ kan ló gé ara rẹ̀ lọ́wọ́ níbi tó ti ń kun ẹran. Àwọn ọdẹ ti ń kun ìnàkí ní igbó yẹn láti ayébáyé, ó sì dá mi lójú pé kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan irú ìpàdé bẹ́ẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ tó sì parí sí abúlé. Ohun tó yí padà ni pé àwọn amúnisìn dé. Wọ́n kó àwọn ọkùnrin jọ sí Léopoldville, tó di Kinshasa lónìí, láìsí ìyàwó wọn. Wọ́n la ojú irin, débi pé ní òpin àwọn ọdún 1940, ènìyàn tó lé ní mílíọ̀nù kan ló ń gba ìlú náà kọjá lọ́dọọdún nínú ọkọ̀ ojú irin. Wọ́n tún ń gún ènìyàn rẹpẹtẹ lábẹ́rẹ́ lòdì sí àrùn mìíràn, pẹ̀lú abẹ́rẹ́ tí wọn kò sè dáadáa; Jacques Pépin, dókítà ará Kánádà, ti kọ ìwé gbọọrọ lórí eléyìí. Nígbà tí àwọn dókítà Amẹ́ríkà kọ́kọ́ kọ̀wé nípa àwọn ọ̀dọ́kùnrin tó ń ṣàìsàn àràmàǹdà ní Oṣù Kẹfà 1981, fáírọ́ọ̀sì náà ti rin ìrìn ọgọ́ta ọdún. Ẹ̀bi ọdẹ kan ni gbogbo ayé mọ̀. Ta ló dárúkọ ojú irin?

Ọ̀nà tó gba ọgọ́ta ọdún nígbà náà ti di wákàtí díẹ̀. Ní Oṣù Kejì 2003, dókítà kan láti Guangzhou sun ọjọ́ kan ní hòtẹ́ẹ̀lì Metropole ní Hong Kong pẹ̀lú àrùn SARS lára. Àwọn àlejò tí wọ́n jọ wà ní àjà kan náà gbé e lọ sí Hanoi, Singapore àti Toronto. Kó tó dáwọ́ dúró, ó ti mú ènìyàn 8,096, ó ti pa 774. Wọ́n ti di gbogbo ẹ̀bi ru ẹtà tí wọ́n ń tà lọ́jà, kí wọ́n tó wá mọ̀ pé òòbẹ̀ ni ilé rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n padà sí Ìbàdàn díẹ̀. Láti 1947 ni wọ́n ti rí fáírọ́ọ̀sì Zika lára ọ̀bọ ní Uganda, àwọn onímọ̀ Ìbàdàn náà sì rí i nínú ẹ̀jẹ̀ àwọn aláìsàn ibà ní àwọn ọdún 1960 àti 1970. Ibà ni, ó ń lọ. Ẹnì kankan kò bẹ̀rù rẹ̀. Ní 2015, wọ́n rí i ní Bahia ní Bràsíìlì, láàárín ọmọ ìyá wa tó wà lẹ́yìn òkun; kí ọdún náà tó parí, àwọn dókítà Pernambuco ń rí ọmọ tuntun tí orí wọn kéré ju bó ṣe yẹ lọ, lọ́pọ̀ yanturu. Fáírọ́ọ̀sì náà ti bá àwọn ènìyàn tí ara wọn kò mọ̀ ọ́n rí pàdé, nínú ìlú tó kún bámúbámú, níbi tí ẹ̀fọn tó ń gbé e pọ̀ sí. Ẹ̀fọn yẹn gan-an, Aedes aegypti, ilẹ̀ Áfíríkà ló ti wá. Àwọn onímọ̀ gbà pé inú àgbá omi àwọn ọkọ̀ ẹrú ló gbà sọdá. Ọkọ̀ tó kó àwọn ènìyàn wa lọ ló kó ẹ̀fọn náà lọ, pẹ̀lú ibà pọ́njú tó pa ọ̀kẹ́ àìmọye níbẹ̀.

Ibà pọ́njú ń bẹ lọ́dọ̀ wa náà, kò sì yẹ kó rí bẹ́ẹ̀. Láti àwọn ọdún 1930 ni àjẹsára rẹ̀ ti wà, Max Theiler tó ṣe é sì gba ẹ̀bùn Nobel nítorí rẹ̀ ní 1951. Síbẹ̀, ní 1987, ó jà ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, ó jà ní Ògbómọ̀ṣọ́. Níbi tí omi ẹ̀rọ kò bá ti déédéé, àmù àti àgbá la ń pọnmi sí, inú omi tó mọ́ tó dúró bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀fọn yìí fẹ́ràn láti yé sí. Ní 2017 ó tún yọjú ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìfẹ́lódùn, Ìpínlẹ̀ Kwara. Mo kà á sí àrùn àìsí omi ẹ̀rọ àti àìrí abẹ́rẹ́ gbà, ju àrùn igbó lọ.

Ìtàn tó yà mí lẹ́nu jù ni ti ìgbóná. Àwọn àgbà wa bẹ̀rù rẹ̀ débi pé wọn kì í pe orúkọ rẹ̀ gangan. Dókítà Ogúntọ́lá Sápárà bá a jà ní Èkó ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún tó kọjá, àjẹsára sì ṣẹ́gun rẹ̀ pátápátá: ẹni ìkẹyìn tó ní in láti ọwọ́ ẹlòmíràn lọ́nà àdánidá wà ní Sòmálíà ní 1977, Àjọ Ìlera Àgbáyé sì kéde ní 1980 pé ó ti tán láyé. Àwọn tó ti dàgbà nínú wa ṣì ní àpá abẹ́rẹ́ náà lápá. Lẹ́yìn ìṣẹ́gun, wọ́n dáwọ́ abẹ́rẹ́ dúró, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Ohun tí a kò rò tó ni pé abẹ́rẹ́ kan náà ń dáàbò bò wá lọ́wọ́ àbúrò ìgbóná, ìyẹn mpox, tí wọ́n ti ń rí lára ènìyàn ní Kóńgò láti 1970. Wọ́n fi orúkọ ọ̀bọ pè é tẹ́lẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó jọ pé eku àti ọ̀kẹ́rẹ́ ni ilé rẹ̀. Bí àwọn tí wọn kò gba abẹ́rẹ́ ṣe ń pọ̀ sí i, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀nà ń ṣí sílẹ̀ fún un.

Ní Oṣù Kẹsàn-án 2017, ó tún yọ ní Nàìjíríà lẹ́yìn nǹkan bí ogójì ọdún, lára ọmọkùnrin ọlọ́dún mọ́kànlá kan ní Ìpínlẹ̀ Bayelsa. Dókítà Dimie Ogoina àti àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ wòye pé àwọn ọ̀dọ́kùnrin ìgboro ló pọ̀ jù nínú àwọn tó wá lẹ́yìn rẹ̀, pé egbò sì ń yọ lójú abẹ́ wọn, èyí tó jẹ́ kí wọ́n fura pé ìbálòpọ̀ lè máa tàn án kálẹ̀. Wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀, wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde. Ayé kò kọbi ara sí i. Ọdún márùn-ún lẹ́yìn náà, ní 2022, àrùn kan náà wọ orílẹ̀-èdè tó lé ní ọgọ́rùn-ún, ọ̀nà ìbálòpọ̀ yẹn ló sì gbà jù. Bí wọ́n bá ti fetí sí Bayelsa ni, mo gbà pé ì bá má rí bẹ́ẹ̀.

Oríṣi kan wà tí a ń fi ọwọ́ ara wa dá sílẹ̀ láìsí ẹranko ìgbẹ́ kankan, ìyẹn kòkòrò tí oògùn kò ràn mọ́. À ń ra kápúsù méjì-méjì ní kẹ́míìsì fún ikọ́ tí kò nílò rẹ̀, àwọn ọlọ́sìn adìyẹ ń dà á sínú omi ẹran. Ìwádìí tí wọ́n tẹ̀ jáde nínú The Lancet ní 2022 fojú bù ú pé ènìyàn mílíọ̀nù 1.27 ló kú ní 2019 nìkan nítorí irú kòkòrò bẹ́ẹ̀. Ojú ọjọ́ tó ń yí padà náà ń jẹ́ kí ẹ̀fọn dé ibi tí òtútù kì í jẹ́ kó dé tẹ́lẹ̀.

Bí ìtànkálẹ̀ bá jẹ́ iṣẹ́ ọwọ́ wa, ọwọ́ wa náà ló lè dá a dúró. Mo ní ẹ̀rí rẹ̀ ní Èkó. Ní ọjọ́ 20 Oṣù Keje 2014, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Patrick Sawyer bọ́ sílẹ̀ nínú bàálù láti Làìbéríà pẹ̀lú Ebola lára. Àwọn dókítà ìjọba wà lórí ìyanṣẹ́lódì lọ́jọ́ náà, wọ́n sì gbé e lọ sí ilé ìwòsàn aládàáni kan ní Ọbáléńdé. Ó ní ibà ni. Dókítà Ameyo Stella Adadevoh kò gbà, ó ní kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò fún Ebola, ó sì kọ̀ láti jẹ́ kí ó jáde, bí wọ́n ṣe ń fúngun mọ́ ọn tó pé kó fi í sílẹ̀. Ìlú tó ní ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù ènìyàn ni, ọkọ̀ dáńfó kún títì, ọjà kún. Wọ́n lo ètò tí wọ́n ti gbé kalẹ̀ fún gbígbógun ti rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀, wọ́n wá àwọn 894 tó ti fara kan aláìsàn rí, wọ́n ń lọ sí ilé wọn lójoojúmọ́ láti wo ara wọn. Ènìyàn ogún ló ní in, mẹ́jọ kú. Dókítà Adadevoh wà lára wọn, ọjọ́ 19 Oṣù Kẹjọ ló kú. Ní ọjọ́ 20 Oṣù Kẹwàá, Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé Nàìjíríà ti bọ́. Ní Gíńì, oṣù mẹ́ta ti kọjá kí wọ́n tó mọ ohun tó ń pa wọ́n; níbẹ̀, ní Sierra Leone àti ní Làìbéríà, àjàkálẹ̀ yẹn pa ènìyàn tó lé ní 11,000.

Nígbà tí COVID dé ní Oṣù Kejì 2020, láàárín ọjọ́ díẹ̀ ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Christian Happi àti àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Redeemer's ní Ẹdẹ ka àbùdá fáírọ́ọ̀sì tó wọ Nàìjíríà tán, àwọn ni wọ́n sì kọ́kọ́ ṣe bẹ́ẹ̀ ní Áfíríkà. Ìjà lórí bí COVID ṣe bẹ̀rẹ̀ ní Wuhan kò tíì parí, bóyá ọjà ni àbí ilé àyẹ̀wò. Ìbéèrè ìpàdé ni, ó sì yẹ ká dáhùn rẹ̀. Ṣùgbọ́n Àjọ Ìlera Àgbáyé fojú bù ú pé àfikún ikú láyé ní 2020 àti 2021 jẹ́ nǹkan bí mílíọ̀nù 14.9, ohun tó sì pa àwọn tó pọ̀ jù ni ohun tí a ṣe àti èyí tí a kò ṣe lẹ́yìn ìpàdé náà.

Èyí tó ń dùn mí jù ni ọ̀rọ̀ àjẹsára. Kí ọdún kan tó pé tí wọ́n ti mọ COVID, abẹ́rẹ́ rẹ̀ ti ń wọ apá ènìyàn ní Bìrìtéènì. Ti Ebola gba ọdún mẹ́tàlélógójì láti Yambuku kí wọ́n tó fọwọ́ sí i ní 2019. Fún mpox, abẹ́rẹ́ wà nílẹ̀ ní Yúróòpù àti Amẹ́ríkà ní 2022. Oṣù Kẹjọ 2024 ni 10,000 tí Amẹ́ríkà ta wá lọ́rẹ dé Nàìjíríà. Nígbà kan, ilé iṣẹ́ ìjọba ní Yaba ń ṣe àjẹsára ìgbóná àti ibà pọ́njú fúnra wa, iṣẹ́ náà dúró ní 1991, kò sì tíì padà. Ibà Lásà ni ti ẹ̀yìn gbogbo wọn. Láti 1969 la ti mọ̀ ọ́n, a mọ eku tó ni ín, a mọ oṣù tó ń dé, a mọ ìlú tó ń jà jù. Títí di ìgbà tí mo ń kọ èyí, kò sí abẹ́rẹ́ kan tí wọ́n ti fọwọ́ sí fún un, àwọn nọ́ọ̀sì Ọ̀wọ̀ sì tún ń wọ ẹ̀rùn mìíràn lọ pẹ̀lú ìbọ̀wọ́ àti ìbòjú nìkan.